Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Ọpọlọ Èèyàn Wà Nílé Ọláyọdé

Abẹ́ òkun ni Ọláyọdé ti ń jẹun kó tó di ẹni tó ń jókòó sílé. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń tún ọkọ̀ ojú omi àti páìpù epo ṣe ló gbà á síṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, ìsàlẹ̀ omi ló sì ti máa ń jó irin pọ̀, pẹ̀lú iná tí omi kì í pa. Ọjọ́ kan ni ìjì dé lójijì, wọ́n fà á sókè kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ, nǹkan kan sì bẹ́ nínú etí òsì rẹ̀. Etí yẹn kò gbọ́ nǹkan mọ́ láti ọjọ́ náà. Dókítà sọ fún un pé tó bá tún wọ ìsàlẹ̀ òkun, ó lè má padà wá. Bí òun àti Bàṣírát ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ ọmọ níwèé ní Ajah, ṣe wá gba ilé kékeré kan ní Ìkàtẹ́ Ẹlẹ́gùṣí nìyẹn, ilé tó kángun sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Ìyá Àríkẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ẹja yìnyín ni mò ń tà, ìjọ aláṣọ funfun sì ni mò ń lọ. Mo ju Ọláyọdé lọ lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láàárọ̀ bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Edé ló máa ń rà lọ́wọ́ mi, ìwọ̀nba tí ọmọ ọwọ́ lè jẹ tán. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ kò tóbi ju báyìí lọ ni. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Àríkẹ́, kì í ṣe èmi ni mò ń jẹ ẹ́. Àlejò kan wà nílé tó fẹ́ràn rẹ̀."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Mi ò sì wádìí.

Àlejò tó ń sọ, inú yàrá ọwọ́ ọ̀tún ilé rẹ̀ ló wà, nínú àpótí gíláàsì kan tó gùn bí ibùsùn. Omi òkun gidi ló wà nínú rẹ̀. Etí òkun Ẹ̀lẹ́kọ̀ọ́ ni Ọláyọdé ti ń lọ pọn omi yẹn, torí ó ní ti ẹ̀gbẹ́ wa níbí ti dọ̀tí jù. Á bẹ àwọn apẹja kí wọ́n fi ọkọ̀ wọn gbé e kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, á pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì, á sì rọra wakọ̀ gba inú eruku padà, nítorí àwọn ọdún tí wọ́n ń fẹ títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ la wà nígbà náà, tí kàtàpílà wà níbi gbogbo. Inú omi náà ló ń sin iyùn sí. Àwa mọ iyùn ní ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àwọn ọba, ṣùgbọ́n ohun ẹlẹ́mìí ni nínú òkun, ó ń jẹ, ó ń dàgbà, ó ń ṣàìsàn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ rán an lọ sí Òkun Pupa ló kọ́kọ́ rí i, ọkàn rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Èyí tó fẹ́ràn jù ni èyí tó ká kọ́rọkọ̀rọ, tó wú, tó ṣe múlọ́múlọ́ bí ọpọlọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí. Iyùn ọlọ́pọlọ ló ń pè é. Tó bá sì ń kánjú, "ọpọlọ" lásán ni.

Orúkọ yẹn ló fẹ́ pa á.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti kún àdúgbò wa, láti Ọ̀yọ́, láti Ọ̀ṣun, láti Èkìtì. Inú ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán ni púpọ̀ nínú wọn ń sùn. Méjì nínú wọn ni Ọdúnjọ àti Ọlálérè, ọmọ Ìsẹ́yìn, tí wọ́n jọ wá sí Èkó. Ọdúnjọ ń lẹ táìlì, Ọlálérè ń rẹ́ ilé. Nígbà tí táìlì balùwẹ̀ Ọláyọdé fọ́, Ọdúnjọ ló pè. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò wálẹ̀ rárá, torí Ọlálérè kò sùn sílé láti Ọjọ́rú, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Ìtàn àwọn tó ń fi èèyàn ṣe ògùn owó sì ń lọ káàkiri nígbà náà, kò sí ibi tí a ò ti ń sọ ọ́.

Ó kúnlẹ̀ sí balùwẹ̀, ó ń lẹ táìlì, ni fóònù Ọláyọdé bá dún. Ẹni tí etí rẹ̀ kan kò gbọ́rọ̀, igbe ló ń pa lórí fóònù. Ẹni tó ń bá a kó ẹja ọ̀ṣọ́ àti iyùn wọlé láti òkè òkun ló pè é. Ohun tí Ọdúnjọ gbọ́ rèé:

"Ọpọlọ ńlá yẹn ti ń funfun létí! Kò jẹun láti ìjẹta! Mo fẹ́ òmíràn. Ẹ bá mi wá èyí tí ara rẹ̀ le, tí kò ní ọgbẹ́. Inú kúlà ni kẹ́ ẹ gbé e sí o, kó má bàa kú lójú ọ̀nà!"

Ọdúnjọ rọra dìde. Ilẹ̀kùn yàrá ọwọ́ ọ̀tún ṣí díẹ̀. Iná búlúù ń tàn níbẹ̀, ó sì rí ohun pupa kan nínú omi, ó ká kọ́rọkọ̀rọ, ó ń mì bí ohun tó ń mí. Kò dúró kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó sá gba ẹnu ọ̀nà jáde, ẹsẹ̀ lásán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń bọ̀ láti ibi ìsìn, pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn mi àti agogo mi lọ́wọ́, mo rí èrò lẹ́nu géètì Ọláyọdé. Bíríkìlà, kápẹ́ńtà, àwọn tó ń po kọnkéré, àwọn ará àdúgbò tí mo mọ̀ dáadáa. Ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ àwọn kan. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé táyà kọ́ èjìká. Ẹlòmíràn mú ike pẹtiróòlù dání. Kò sí ẹni tó dàgbà sí Èkó tí kò mọ ohun tí àwọn nǹkan méjèèjì yẹn ń bọ̀ wá ṣe.

"Kí ló dé?" ni mo bi ẹni tó sún mọ́ mi.

"Ìyá, ẹ máa kọjá lọ! Olóògùn owó ni! Ọpọlọ èèyàn ló kó sínú gíláàsì, ó ń fi ti Ọlálérè kún un!"

Ó yẹ kí n sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n edé tó ń rà wá sí mi lọ́kàn, àti àlejò tí kò sọ orúkọ rẹ̀, àti iná búlúù tí mo ti ń rí láti ojú fèrèsé rẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sì í sinmi bí iná ìjọba bá lọ. Mo pe àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó gbé e ní àwọn kò ní ọkọ̀ nílẹ̀, kí a ní sùúrù.

Géètì náà ti ń fì. Ọláyọdé jáde sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó ń pariwo sí fóònù: "Bàṣírát, má bọ̀ nílé! Ibi tó o bá dé, dúró síbẹ̀!"

"Ẹ gbọ́!" ni ẹnì kan ké. "Ó ń kìlọ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀!"

Òkúta àkọ́kọ́ bà á léjìká. Ó yí etí ọ̀tún rẹ̀ sí wọn, ó ní, "Kí lẹ wí? Ẹ tún un sọ!" Wọ́n rò pé ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ariwo tó sọ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àgbékọ́ géètì kan já.

Mi ò mọ ẹni tó gbé ẹsẹ̀ mi. Mo kàn rí i pé mo ti wà láàrin géètì àti èrò, mo sì ń lu agogo mi kíkankíkan. Aṣọ tó wà lọ́rùn mi ni wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n dáwọ́ òkúta dúró.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni mo wí, "ẹ jẹ́ ká wọlé lọ wò ó. Tó bá jẹ́ ọpọlọ èèyàn ni, èmi fúnra mi á jáde wá sọ fún yín."

Ògúnbọ̀dé, ọ̀gá àwọn bíríkìlà, ọkùnrin gíga kan tó le lójú, ló dáhùn. "Èmi á bá yín wọlé. Ọdúnjọ tó rí i náà á wọlé. Ẹ̀yin tó kù, ẹ dúró. Ṣùgbọ́n Ìyá, tí òótọ́ bá ni, ẹ ò gbọdọ̀ bá a bẹ̀bẹ̀."

"Mi ò ní bẹ̀bẹ̀."

A wọlé. Ọláyọdé ló ṣáájú, ó di èjìká rẹ̀ mú. Nígbà tó ṣí yàrá náà, iná búlúù bọ́ sórí aṣọ funfun mi. Mo wo inú gíláàsì. Mi ò ní purọ́: ọpọlọ ni mo rí. Pupa ni, ó ká, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀, eteetí rẹ̀ kan ti funfun. Méjì kéékèèké mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan dúdú bí ewé. Ẹja róbótó mélòó kan ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá lórí wọn.

Ọdúnjọ bú sẹ́kún. "Òun nìyẹn! Òun nìyẹn! Ọlálérè o!"

Ògúnbọ̀dé ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fẹ́ ki ọwọ́ bọ omi. Ọláyọdé dì í mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e. Ohun ẹlẹ́mìí ni. Tẹ́ ẹ bá fà á sókè báyìí, ara rẹ̀ á ya. Iyùn ni, inú òkun ló ti wá."

"Iyùn wo ló ń rí báyìí? Tú mi sílẹ̀!"

"Ó ń jẹun!" ni Ọláyọdé wí. "Ọpọlọ èèyàn kì í jẹun. Mo fẹ́ fún un lóúnjẹ lójú yín. Tí kò bá jẹ ẹ́, ẹ fi mí ṣe ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́."

Mo rí i lójú Ògúnbọ̀dé pé kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Fún un."

Ọláyọdé pa pọ́ǹpù tó ń ru omi náà. Ó dín iná kù. Ó mú edé kan nínú abọ́, ó fún omi rẹ̀ sínú gíláàsì kí àlejò rẹ̀ lè gbóòórùn rẹ̀, ó wá fi igi tín-ín-rín kan gbé ègé edé náà lé e lórí, jẹ́jẹ́. A dúró.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Níta, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu géètì. Gbogbo ìgbà tí irin náà bá dún ni ohun tó wà nínú omi ń sún kì, tó ń kéré sí i. Òógùn ń ṣàn lójú Ọláyọdé. "Ariwo yẹn ni," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ̀rù ń bà á. Ìyá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́."

Mo sáré lọ sójú fèrèsé, mo ní kí wọ́n fún wa ní ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan ò gbọ́. Ẹnì kan bi mí níta pé, "Ṣé òun ni àbí òun kọ́?" Mo padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà nínú mi. Èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún: ṣé kí ó jẹun ni, àbí kí òtítọ́ sáà hàn, bó ti wù kó rí.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ni Ògúnbọ̀dé wí. "Ó ń fi àkókò wa ṣòfò."

"Ẹ dúró." Ọdúnjọ ló sọ ọ́. Ó ti kúnlẹ̀, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. "Ẹ dúró ná. Kí nìyẹn?"

Láti inú àwọn ibi tó ká kọ́rọkọ̀rọ náà, àwọn nǹkan bí ọmọ ìka tín-ín-rín ti ń yọ, kedere bí omi, wọ́n ń wá nǹkan kiri. Ọ̀kan kan edé. Òmíràn kàn án. Wọ́n dì í mú, wọ́n ń fà á lọ sí àárín, ibẹ̀ sì ń là díẹ̀díẹ̀, ó di ẹnu. Gbogbo wa rí i. Ẹnu náà gba edé wọlé títí tí ìrù rẹ̀ nìkan fi kù níta, lẹ́yìn náà ìrù pàápàá wọlé. Ara rẹ̀ wú padà, bí ẹni tó yó.

"Jésù," ni mo wí.

Ògúnbọ̀dé tú ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń lọ síta láti lọ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ ni ìdajì búlọ́ọ̀kù kan gba ojú fèrèsé wọlé. Sùúrù àwọn ará ìta ti tán. Búlọ́ọ̀kù náà ba igun àpótí gíláàsì, a gbọ́ kàṣ! kan, omi sì bẹ́ jáde sí wa lára.

Ọláyọdé ju ara rẹ̀ lu ibi tó sán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dí i. Gíláàsì gé e, ẹ̀jẹ̀ ń bá omi lọ sílẹ̀. "Bọ́kẹ́ẹ̀tì!" ló ń ké. "Ẹ bá mi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì! Kúlà wà nílé ìdáná!" Ọdúnjọ ló sáré. Ó gbé kúlà dé, ó ń fi abọ́ gbọ́n omi sínú rẹ̀. Èmi ń fi sùtánà mi gba ẹja kó má bàa bọ́ sílẹ̀. "Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kó o ti dì í mú, níbi tó le," ni Ọláyọdé sọ fún Ọdúnjọ, "má fọwọ́ kan ara rẹ̀." Ọmọ náà ki ọwọ́ bọ omi, ó gbé e sínú kúlà. Ó wo ìka rẹ̀, ó wo Ọláyọdé.

"Òkúta ni," ló wí. "Ìsàlẹ̀ rẹ̀, òkúta ni."

Òun àti Ògúnbọ̀dé ló gbé kúlà náà jáde sójú géètì, wọ́n ṣí i kí ẹni tó bá fẹ́ lè wò ó. Ọdúnjọ ń bẹ̀ wọ́n, ó ní òun ló ṣì í rí, òun ló ṣì í gbọ́. Àwọn tó wà níwájú wò ó, wọ́n sì sún sẹ́yìn. Mo ń wá ẹni tó gbé táyà. Ó ti gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, ó ti ń lọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọláyọdé jáde, ó fi tówẹ̀lì wé ọwọ́ méjèèjì. Mo retí pé á bínú, á ṣépè. Ọdúnjọ ló ń wò.

"Ọ̀rẹ́ rẹ tó sọnù yẹn, ta ló ń wá a?"

Ó yíjú sí èrò.

"Gbogbo yín lẹ wá mi dé ilé. Òun ńkọ́? Ta ló ti lọ wá a?"

Ọdúnjọ wolẹ̀. Ó ní àwọn jà kí ó tó lọ. Ẹnì kan ló pe Ọlálérè síṣẹ́ rírẹ́ ilé ní ọ̀nà Lákowé, Ọdúnjọ ní kó má lọ, ó lọ. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọláyọdé padà wọlé. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú kúlà, ó tẹ fóònù, ó ní, "Bàṣírát, ó ti parí, o lè máa bọ̀. Kúlà kan wà ní pálọ̀. Má jẹ́ kí omi rẹ̀ gbóná." Ó yíjú sí wa. "Ẹ wọ ọkọ̀. Ògúnbọ̀dé, ẹ̀yin lẹ máa wà á, ọwọ́ mi ò lè di nǹkan mú."

Bí a ṣe lọ nìyẹn, àwa mẹ́rin, nínú ọkọ̀ tó ṣì ń rùn fún omi òkun. Láti ilé tí wọ́n ń kọ́ kan sí òmíràn la ń dúró, tí Ọdúnjọ ń bọ́ sílẹ̀ bi àwọn maigádì. Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan. Ní Lákowé, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù, bọ́ọ̀lù àwọn olówó, maigádì kan ní ọkùnrin kan jábọ́ láti orí igi tí wọ́n fi ń gun ilé, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nínú abúlé. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá ó yè. Ọdúnjọ di etí aṣọ mi mú bí ọmọdé.

Ọlálérè ni, ó yè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ nídìí, fóònù rẹ̀ fọ́, kò mọ nọ́ńbà ẹnì kankan lórí. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo àjà. Nígbà tó rí Ọdúnjọ ní ẹnu ọ̀nà, ó ní, "O pẹ́ o." Ọdúnjọ wó lulẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó ń sunkún. Ọláyọdé dúró síta pẹ̀lú ọwọ́ tó wé, nọ́ọ̀sì kan sì mú un lọ láti bá a rán ojú ọgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí a padà délé, Bàṣírát jókòó ti kúlà, ó fi yìnyín sínú ọ̀rá, ó ń tì í bọ omi díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹja ti kú. Iyùn kékeré kan kú lọ́jọ́ kejì. Èyí tó tóbi yẹn yè, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan di òkúta funfun, kò sì padà sípò mọ́.

Wọn ò pẹ́ ní Ìkàtẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bàṣírát ló ní òun kò lè máa kí àwọn tó fẹ́ sun ọkọ òun láàárọ̀. Wọ́n kó lọ sí ẹ̀bá Ẹ̀lẹ́kọ̀ọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọláyọdé sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n ń di ẹrù pé kì í ṣe òkúta ló dun òun. Ojú àwọn èèyàn náà ni. Ó ní òun mọ ojú gbogbo wọn, òun sì ti rò pé wọ́n mọ tòun.

Mo lọ kí wọn níbẹ̀ nígbà kan, mo bá Ọlálérè lójú ọ̀nà, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó fẹ́ wá dúpẹ́. A jọ wọlé ni. Wọ́n ti ra àpótí gíláàsì mìíràn, ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ọlálérè dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Bàbá," ló wí níkẹyìn, "wọ́n ní ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ sun nítorí mi."

Ọláyọdé fa àga kan sún mọ́ ọn.

"Jókòó," ló ní. "Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?"